Ta Ló Ṣe Hájì Ìyá Mi?

Bí ẹ bá pàdé mi ní Ọjà'ba tí ẹ sì pè mí ní Àlàájì, ẹ má retí kí n rẹ́rìn-ín. Mo ti darúgbó, eyín mi ti ń ká, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi kò tíì darúgbó rárá. Àwọn ọmọ mi ní kí n gbé e jù sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ti ṣe hájì lẹ́ẹ̀mejì kò yẹ kó máa bínú sí òkú. Lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Kí Ọlọ́hun forí jì í. Èmi ò tíì rí i ṣe.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ràányàn ni agboolé wa wà. Nínú ọmọ mẹ́fà tí Ìyá bí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù fún un. Aṣọ ló ń hun, lórí òfì tí a gbé ti ara ògiri, kíjìpá tó nípọn, tó sì máa ń tà ní ọjọ́ ọjà Ọ̀jẹ́. Láti ìgbà tí òyìnbó ti gbé ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ló ti ń sọ pé òun yóò lọ sí Mẹ́kà. Ó gbà pé ibi tí irin bá gbé ènìyàn dé, ẹsẹ̀ yóò gbé e dé ìyókù. Ṣùgbọ́n kí ó tó múra tán, ẹsẹ̀ náà ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Orúnkún rẹ̀ wú, agbára tán níbẹ̀, ó sì di ẹni tí à ń gbé jáde sí oòrùn láàárọ̀, tí à ń gbé wọlé nírọ̀lẹ́.

Àwọn àfáà àdúgbò ní kò burú. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé e lè rán ọmọ rẹ̀ kí ó lọ bá òun ṣe é. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti dé ọ̀hún rí, ẹnu wọn sì gbọọrọ bí ẹni tó ti ibẹ̀ dé lánàá. Ìyá yan ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé òun ni àkọ́bí. Ó ní kí èmi bá a lọ, kí n ṣe tèmi, kí n sì máa ràn án lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. A ní ṣé kí a kúkú wá ẹnìkan tó mọ ọ̀nà kí ó bá a ṣe é. Ó ní rárá, ọmọ inú òun ni yóò ṣe é, kì í ṣe alágbàṣe.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kú, ọwọ́ rẹ̀ kò kú. Ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà bá òun fẹ òfì náà sí i, ó sì jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta, ó hun aṣọ funfun fífẹ̀ méjì tí kò ní ojú ìrán kankan, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé aṣọ tí a kò rán ni ọkùnrin ń wọ̀ lọ síwájú Káábà. Nígbà tó ṣe tán, ó pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Aṣọ mi nìyí. Bí o bá ti wọ̀ ọ́, èmi lo wọ̀ sára yẹn. Orúkọ mi ni kó o pè o."

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun yóò pè é.

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Kánò. Láti Kánò dé etí òkun, ẹsẹ̀ ni. N kò ní fi ọ̀nà yẹn dá yín lágara. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni a fi rìn ín. À ń rìn, à ń dúró ṣiṣẹ́ jẹun, à ń rìn. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo kọ́ nílé, mo máa ń fi òwú ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, abẹ́rẹ́ yẹn náà ló sì bọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ó ní ẹni tí a rán níṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ tọ́jú ara. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, èmi òmùgọ̀. Mo máa ń gbé ẹrù rẹ̀ lé tèmi, mo máa ń fún un ní ibi tí ẹran wà nínú oúnjẹ, torí mo ń wò ó pé Ìyá ni mò ń tọ́jú.

Èbúté tí a ti wọ ọkọ̀ ń jẹ́ Sáwákìn. Ọkọ̀ onígbòkun ni, pákó rẹ̀ ti gbó, wọ́n sì dì wá sínú rẹ̀ bí ẹni di àgbàdo sínú àpò. Òkun Pupa ni wọ́n ń pe omi náà. Mo wò ó títí, n kò rí pupa kankan níbẹ̀. Aró ló jọ, aró tó ti pọ́n dáadáa nínú ìkòkò. Omi tí à ń mu ń rùn bí awọ ewúrẹ́. Ọmọdé ń bì, àgbà ń bì, ọ̀gá ọkọ̀ sì ń pariwo mọ́ wa pé a ti ba ọkọ̀ òun jẹ́, bí ẹni pé ọkọ̀ náà dára tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n kígbe pé ilẹ̀ Lárúbáwá ti súnmọ́, kí olúkúlùkù wẹ̀, kí ó wọ aṣọ funfun, kí ó sì ṣe níyà, ìyẹn ni pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ọlọ́hun ohun tó bá wá. Bàbá àfáà Haúsá kan wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo fi Haúsá tí mo kọ́ lójú ọ̀nà dá a lóhùn.

"Ta ni ìwọ ń ṣe é fún?" Bàbá náà bi mí.

"Tara mi ni, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe ti ìyá wa. Ìyá wa ò lè rìn."

"Ọlọ́hun á gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti wá ṣe tirẹ̀ rí?"

"Rárá, Bàbá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa wá nìyí."

Bàbá náà mi orí. "Ẹni tí kò tíì ṣe tara rẹ̀ kò lè ṣe ti ẹlòmíràn. Ohun yòówù kó fi ẹnu sọ, tirẹ̀ ni yóò jẹ́. Ṣé ẹnìkan ò sọ fún yín nílé ni?"

Mo la àárín àwọn èrò kọjá, mo ń tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀, mo dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ìgbòkun. Ó ti wẹ̀. Ó ti tú aṣọ Ìyá sílẹ̀. Mo sọ ohun tí bàbá náà wí fún un, mo ń sọ̀rọ̀ kánkán, mo rò pé òun náà yóò figbe ta. Kò tilẹ̀ yíjú sí mi.

"Mo mọ̀," ó wí.

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Láti Kánò. Àfáà tí mo lọ kí níjọ́sí ló sọ fún mi."

"Ẹ sì dákẹ́, Ẹ̀gbọ́n? Láti Kánò?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Ká padà sílé? Bí a bá padà, ṣé Ìyá á ṣe hájì ni?"

Òfin kọ́ ló ń bí mi nínú, ẹ gbọ́ mi yé. Òfin Ọlọ́hun ni, mo tẹríba fún un. Ohun tó ń bí mi nínú ni Kánò. Ní Kánò, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń lọ sílé lójoojúmọ́. A ì bá ránṣẹ́ sí Ìyá pé ọ̀kan nínú wa yóò ṣe tirẹ̀ lọ́dún yìí, yóò dúró níbẹ̀, yóò sì ṣe ti Ìyá lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó máa retí. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Àlàájì ní gbogbo Ìbàdàn kò tó ẹni tí ń kún yàrá kan. Ó fẹ́ padà sílé kíákíá, kí wọ́n wé láwàní fún un, kí wọ́n máa dìde fún un ní mọ́sáláṣí.

Ó ró aṣọ kan mọ́ ìdí, ó fi ìkejì kọ́ èjìká. Ó wá kọjú sí òkun, ó ní Labaika, ìyẹn ni pé òun jẹ́ ìpè Ọlọ́hun, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀. Mo gbọ́ ọ ketekete.

Mo la ẹnu láti pariwo. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Má bá mi jà o. Mo ti wọ aṣọ."

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹni tó bá ti wọ aṣọ yẹn kò gbọdọ̀ jà, kò gbọdọ̀ búra èké, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn títí yóò fi bọ́ ọ. Èmi náà ní láti wọ tèmi lójú ẹsẹ̀. Aṣọ tẹ́rù tí mo rà lọ́jà ni tèmi. Mo wọ̀ ọ́, mo ṣe níyà, ẹnu mi sì di títì pa. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi òfin Ọlọ́hun ṣe asà.

Bí a ṣe dé Jídà nìyẹn. Ìlú náà ga, ilé alájà mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n fi òkúta inú òkun kọ́, ooru rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ara bí aṣọ tútù. Kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ etíkun kó wa sórí erékùṣù kékeré kan, wọ́n gba ẹrù wa, wọ́n fi ooru gbígbóná sè é, wọ́n ní àwa la gbé àìsàn wá. Ọkùnrin kan ń kọ ibi tí olúkúlùkù ti wá. Mo ní Ìbàdàn. Ó wò mí, ó kọ Tàkúrúnì, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ènìyàn dúdú tó bá ti ìhà tiwa wá. Mo tún ní Ìbàdàn. Ó ní kí n kọjá. Wọ́n máa ń ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ìgbà tí mo dé Jídà ni mo mọ̀ pé ìyìn ńlá ni.

Ẹsẹ̀ la fi rìn dé Mẹ́kà, ọjọ́ méjì gbáko, àwọn olówó wà lórí ràkúnmí, eruku wọn wà lójú wa. Àwọn ahéré tí wọ́n fi ọ̀pẹ bò wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń ta omi níbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rìn. Gbogbo ọ̀nà yẹn, aṣọ Ìyá ni mò ń wò lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ gbogbo ibi tí òwú ti já tí Ìyá so ó. Mo ń fẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tutọ́ funfun jáde. Nígbà tí a dé iwájú Káábà, àwọn ẹlòmíràn ń sunkún ayọ̀. Èmi náà sunkún, mo sì ń bẹ Ọlọ́hun kí ó má ṣe bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n fá orí wa, tí a bọ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀, ni ẹnu mi là. Mo pariwo títí àwọn ará àgọ́ mìíràn fi wá wò wá. "Ẹ ja Ìyá lólè! Ẹ jẹ́ kí n wí o! Ẹ ja Ìyá tó bí yín lólè!" Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. Ó dúró títí ó fi rẹ̀ mí.

"Màá sọ fún un pé mo ti ṣe é," ó wí. "Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ta ló máa bi wá?"

"Rárá. Èmi náà ti ṣe tara mi báyìí. Mo lè ṣe tirẹ̀. Màá dúró dé ọdún tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún Ìyá pé mo dúró nítorí rẹ̀, kí ó máa retí mi."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ọ̀nà Káábà, ó ní òun búra, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun yóò sọ. Mo ní kí ó fi aṣọ Ìyá sílẹ̀ fún mi. Ó kọ̀. Ó ti fi omi Sàmúsámù, omi kànga mímọ́ Mẹ́kà, fọ̀ ọ́, ó ti ká a, nítorí aṣọ tí ènìyàn bá fi ṣe hájì ni àwọn Àlàájì ń tọ́jú kí wọ́n lè fi sin wọ́n. Bí ó ṣe gbé iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá lọ láti lọ fi ṣe aṣọ òkú ara rẹ̀ nìyẹn. Mo sìn ín dé Jídà. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ, ó juwọ́ sí mi. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Ọdún tí mo lò níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ló gbé mi ró. Ẹnikẹ́ni kò nílò ọnà ọrùn agbádá ní Jídà, ṣùgbọ́n ìgbòkun ń ya lójoojúmọ́. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ìka mi, mo sì di ẹni tó ń rán ìgbòkun. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ ní etíkun, láti Jídà dé Yànbú, kí n máa rán èyí tó bá ya lójú ọ̀nà. Òkúta mímú ló wà lábẹ́ omi níbẹ̀, a kì í sì í rìn lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ là ń jẹ. Ibà ṣe mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní gbogbo ìgbà tí ibà bá ṣe mí, ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bú, kì í ṣe ẹ̀fọn.

Láti Yànbú, mo bá àwọn oníràkúnmí lọ sí Mọ̀dínà. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọkùnrin kan bọ́ sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn, wọ́n ní a kò ní kọjá àfi tí a bá san ohun tí wọ́n ń gbà. Wọ́n tú ẹrù gbogbo wa. Èmi kò ní nǹkan kan ju àpò abẹ́rẹ́ mi lọ, ọ̀kan nínú wọn sì mú un. Ni ọ̀rọ̀ náà bá dé ọ̀fun mi. Mo tẹ̀ lé e, mo ń bú u ní Yorùbá. Mo bú bàbá rẹ̀, mo bú ràkúnmí rẹ̀, mo bú ìlú tó bí i. Àwọn tí a jọ ń lọ ń fà mí láṣọ pé kí n má pa wọ́n. Ọkùnrin náà dúró, ó gbọ́ mi títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ju àpò náà sílẹ̀. Nígbà tí mo dé Mọ̀dínà, mo dúró ní iwájú sàréè Anọ́bì, mo kí i, mo tọrọ àánú fún Ìyá, lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀gbọ́n mi sùn. Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣe é.

Ọdún yí po. Ní Jídà, mo tún wẹ̀, mo tún wọ tẹ́rù funfun, mo sì pe orúkọ Ìyá mi. Mo pè é pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti agboolé tí wọ́n ti bí i ní Bẹẹrẹ, kí àṣìṣe kankan má baà wà. Ní orí ilẹ̀ Àráfà, níbi tí ọkàn hájì gan-an wà, láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀, orúkọ yẹn kò kúrò lẹ́nu mi. Ẹsẹ̀ mi ń ro mí, inú mi sì dùn pé ó ń ro mí, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kà á sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì ní ìdùnnú tó tó ti ọjọ́ yẹn.

Mo kọjú sílé. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìbàdàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Mo gba Bẹ́yẹrúnkà, mo gba ẹsẹ̀ òkè Màpó, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá rí. Àwọn kan dáhùn. Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa kò dáhùn dáadáa.

Kò sí òfì lára ògiri mọ́. Ìyálé Ìyá mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Ìyá ẹ ti lọ," ó wí. "Ó ti pé oṣù méje."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n mi jíṣẹ́ mi.

"Iṣẹ́ wo? Ẹ̀gbọ́n ẹ dé, ó ní òun ti ṣe hájì Ìyá ẹ. Inú ẹ̀ dùn, ó sunkún, a pa ẹran. Ìgbà tó yá ló ní, àbúrò ẹ dà? Ẹ̀gbọ́n ẹ ní ìlú ọ̀hún dùn mọ́ ẹ, o ti fẹ́yàwó síbẹ̀, o ò wálé mọ́."

Mo bi í nípa oṣù tí ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó sọ ọ́. Mo kà á lórí ìka mi, mo tún un kà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi wọ agboolé wa, mo ti kúrò ní Àráfà láti oṣù méjì. Ọjọ́ tó ní Ìyá ti ní hájì, Ìyá ti ní hájì lóòótọ́. Irọ́ náà ti di òótọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó pa á, orúkọ ẹni tó ṣe é nìkan ló kù kí ó fi sí i.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní iwájú ilé, láwàní lórí, àwọn ènìyàn yí i ká. N kò kí i. Mo sọ ohun gbogbo, sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn. Ó dúró títí, bó ṣe máa ń ṣe.

"Ó ti ń kú lọ," ó wí. "Ṣé o fẹ́ kó kú sórí ìrètí ni? Mo fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Kí nìwọ fún un?"

"Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ sọ pé mo fi í sílẹ̀!"

"Ó bi mí ibi tó o wà. Kí ni ǹ bá sọ?"

Àwọn àgbà agboolé ní kó tó. Wọ́n ní ọmọ ìyá méjì kì í jà níta. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a, kí n ní sùúrù. Mo ní ọjọ́ wo? Ta ni òótọ́ fẹ́ bá, nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti wà nínú ilẹ̀?

Ìyálé Ìyá mi ló wá fà mí wọlé. Ó ti tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀, bóyá ó gbà mí gbọ́, bóyá kò gbà, kò sọ. Ó jókòó tì mí, ó pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó ní kí n jíṣẹ́ kan fún ẹ bó o bá dé. Ọjọ́ tó kú gan-an ló rán mi. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti forí jì ẹ́."